Oyún tó ń wálẹ̀ léraléra: ẹ má fi pamọ́ fún agbẹ̀bí

Bí oyún obìnrin bá wálẹ̀ ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, tó tún lóyún mìíràn, tí ìyẹn náà tún wálẹ̀ ní àsìkò kan náà, ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ kò ju méjì lọ: "Ayé ló ń bá a jà," tàbí "Àbíkú ni." Nílé mìíràn, ẹbí ọkọ á ti máa wá ìyàwó tuntun.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ohun kan wà tó lè fà á tí àwọn dókítà mọ̀ dáadáa. Ó yẹ kí ẹnu ilé ọmọ pa dé pinpin títí oṣù á fi pé. Ti obìnrin mìíràn kò lágbára tó. Bí ọmọ bá ṣe ń wúwo sí i, á máa ṣí díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora púpọ̀, títí oyún á fi bọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi obìnrin náà.

Àwọn baba ńlá wa máa ń de oyún. Dókítà náà ń dè é, ṣùgbọ́n òwú gidi ló ń lò. Dókítà Shirodkar ní Íńdíà ló gbé ọ̀nà kan jáde ní 1955. Ní 1957, McDonald ní Ọsirélíà mú èyí tó rọrùn jù ú lọ wá. Wọ́n á gba ojú ara rán ẹnu ilé ọmọ yíká, wọn kì í la ikùn. Bí oyún bá pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 36 sí 37, wọ́n á tú u kí ọmọ lè jáde.

Kì í ṣe gbogbo oyún tó ń bàjẹ́ ni rírán yìí wà fún. Dókítà ló máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 12 sí 14 ni wọ́n sábà máa ń rán an, àsìkò tí à ń fi oyún pamọ́ fún aráyé gan-an. Ìyá tó ń tajà ní Arzèkè á ní kí ikùn yọ ná kí òun tó lọ. Ó lè ti pẹ́ jù nígbà yẹn.

Ẹ pa á mọ́ fún aládùúgbò, ẹ má pa á mọ́ fún agbẹ̀bí. Ẹ sọ iye oyún tó ti bàjẹ́ àti oṣù tó bàjẹ́, kí ẹ sì ní kó kọ̀wé fún yín lọ sí CHUD ní Parakou. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá wọn lọ.

Ní 2009, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ sọ iṣẹ́ abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́. A dúpẹ́. Ó yẹ kí rírán ẹnu ilé ọmọ náà di ọ̀fẹ́, nítorí oyún tó bàjẹ́ ní oṣù karùn-ún kò lè dé ibi iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ yẹn láé.