Ẹ ka Ajégúnlẹ̀ lọ́tọ̀

Àwọn àgbà máa ń sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í ṣe àlejò tó kàn yà kí wa nílé. Ìjọba tí kò mọ iye wa kò ní mọ̀ nígbà tí a bá dín. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa òǹkà lónìí, pàápàá òǹkà Ajégúnlẹ̀.

Ajégúnlẹ̀ wo? Ẹ ò rí nǹkan, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkàn ọ̀pọ̀ yín ti lọ sí ti Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn, níbi tí àwọn olórin àti agbábọ́ọ̀lù ti jáde. Èyí tí mò ń sọ wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, téèyàn bá ti kọjá Mile 12, nítòsí Odò Ògùn. Kòsọ́fẹ́ ni wọ́n máa ń kà á mọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àrùn onígbá méjì bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, kọmíṣánnà fún ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, kéde pé 60 èèyàn ti dèrò ilé ìwòsàn, márùn-ún sì ti kú. Ó dárúkọ Etí-Ọ̀sà, Lagos Island, Ìkòròdú àti Kòsọ́fẹ́. Ó dáa tí wọ́n kéde. Àmọ́ kí ni ará Ajégúnlẹ̀ fẹ́ fi "Kòsọ́fẹ́" ṣe? Magodo Phase 2 wà ní Kòsọ́fẹ́. Ògùdù GRA wà níbẹ̀. Ọ̀wọ́rọ̀ńṣókí náà wà níbẹ̀. Tí Títí bá jẹ odindi adìyẹ, tí Túndé ò fẹnu kan nǹkan kan, ìṣirò á ní kálukú wọn jẹ ààbọ̀. Ebi á máa pa Túndé, ìwé á sì máa sọ pé ó yó.

Ó tún kù. Bí wọ́n bá ní èèyàn báyìí ló ṣàìsàn, ìbéèrè tó kàn ni pé: nínú mélòó? Ọdún 2006 ni wọ́n ka àwa ọmọ Nàìjíríà kẹ́yìn. Èyí tí wọ́n ṣètò fún 2023, wọ́n sún un síwájú. Ní 2006 yẹn, àjọ tó ń ka èèyàn ní nǹkan bíi 665,000 ló ń gbé Kòsọ́fẹ́. Ìjọba Èkó ka tiẹ̀, ó ní wọ́n lé ní 934,000. Ká ní 100 èèyàn ló ṣàìsàn. Tá a bá gba iye àkọ́kọ́, 15 ni nínú 100,000. Tá a bá gba èkejì, kò tó 11. Àìsàn kan náà, èèyàn kan náà, ìwé ló yàtọ̀.

Kíka àìsàn ní àdúgbò-àdúgbò kì í ṣe àrà tuntun. Lọ́dún 1854, nígbà tí onígbá méjì ń pa èèyàn ní London, dókítà John Snow wádìí ibi tí àwọn tó kú ń gbé àti ibi tí wọ́n ti ń pọnmi. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn yí ẹ̀rọ omi kan ká ní Broad Street. Wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ká ní "London" nìkan ló kọ sílẹ̀, ibo ni ì bá ti rí ẹ̀rọ omi yẹn?

Ní Ajégúnlẹ̀, omi la fi ń mọ ọdún. Bí dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, bá tú omi sílẹ̀, Odò Ògùn á kún dé ẹnu ọ̀nà. Ní 2010, omi yìí lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nílé. Bí omíyalé bá sì da ṣáláńgá pọ̀ mọ́ kànga, ẹ mọ ohun tó ń bọ̀. Òǹkà tó bá mọ òpópónà àti ọ̀sẹ̀ lè fi han ìjọba pé ibi báyìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé omi tó mọ́ lọ.

Òfin ni mo kà, mo sì mọ̀ pé ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí nílé ẹjọ́. Abala 14 ìwé òfin wa ní ààbò àti ìgbáyé-gbádùn aráàlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba, àmọ́ abala 6 kò jẹ́ kéèyàn torí ìyẹn nìkan pe ìjọba lẹ́jọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni òfin FOI ti 2011. Ẹnikẹ́ni ló lè béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, kò pọn dandan kó sọ ìdí, ọjọ́ méje sì ni wọ́n ní láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń ní òfin Àbújá ni, kò kan àwọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fòpin sí àwáwí yẹn nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Ẹdó.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn lánlọ́ọ̀dù ń sọ: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá kà wá o, kí wọ́n má baà wá wólé wa." Ẹ̀rù yẹn nídìí. Amnesty International ní ó lé ní 30,000 èèyàn tí wọ́n lé kúrò ní Otodo-Gbame láàárín 2016 sí 2017. Àmọ́ fífara pamọ́ kò lè gba ilé ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Iye yẹn náà ló jẹ́ kí ayé mọ bí ohun tí wọ́n ṣe fún wọn ṣe tó, ilé ẹjọ́ gíga Èkó sì dájọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2017 pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ní fóònù lọ́wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé CDA yín. Ilé mélòó ló wà ní òpópónà yín? Omi wo ni wọ́n ń mu? Èèyàn mélòó ni ìgbẹ́ gbuuru ṣe lọ́sẹ̀ tí omi dé? Ẹ má kọ orúkọ aláìsàn kankan, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ àdúgbò. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé FOI sí iléeṣẹ́ ètò ìlera, kí wọ́n fún yín ní iye ti Ajégúnlẹ̀, lọ́tọ̀.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ ńkọ́?