Ìkẹjà ní fóòmù, Agége ní ọwọ́: ta ni yóò ra fíìmù ọmọlangidi wa?

Ẹni tó bá gba òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà kọjá yóò rí Vitafoam, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, yóò sì rí Berger tó ń ṣe ọ̀dà. Kó yà sí Computer Village, yóò bá iná kéékèèké, bátìrì àti ẹsẹ̀ kámẹ́rà níbẹ̀. Kó wá forí lé Agége, àkísà aṣọ tó ń jábọ́ lábẹ́ máṣíìnì àwọn télọ̀ kún àpò bámúbámú. Gbogbo ohun tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù ọmọlangidi nìyẹn. Ẹni tí yóò sanwó iṣẹ́ náà nìkan ni mi ò rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá yín sọ.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kì í ṣe kátúùnù orí kọ̀ǹpútà ni mò ń wí. Wáyà ni wọ́n fi ń ṣe eegun ọmọlangidi, fóòmù ni ẹran ara rẹ̀, wọ́n á wá rán aṣọ fún un. Wọ́n á fi páálí àti pákó kan ilé tí kò ga ju orókùn lọ, tòun ti ìlẹ̀kùn, fèrèsé àti àga. Wọ́n á ya fọ́tò kan, wọ́n á sún ọwọ́ ọmọlangidi bíńtín, bí ìbú hóró ìrẹsì, wọ́n á tún ya òmíràn. Ẹni tó ń ṣọ́wó ná pàápàá, fọ́tò méjìlá ni yóò yà fún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo; àwọn tó lówó lọ́wọ́ a máa ya 24. Fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́ta ń béèrè fọ́tò 2,160. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì fi ìgbọ̀nwọ́ gbá tábìlì láàárín ìran kan, ìran yẹn di àtúnyà nìyẹn.

Mo lọ wo àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan tó ń ṣe é nínú yàrá kan ní Agége. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n to sábẹ́ tábìlì, nítorí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń mi ilẹ̀, ojú irin náà ò sì jìnnà. Wọ́n lẹ páálí dúdú mọ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ òòrùn má bàa yàtọ̀ láti fọ́tò kan sí òmíràn. Ooru inú yàrá yẹn, ẹ má wulẹ̀ bi mí! Fáànù ò ṣeé tàn, torí atẹ́gùn rẹ̀ á gbé aṣọ ọmọlangidi. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì Agége ni wọ́n ń yà lọ́jọ́ náà. Búrẹ́dì rẹ̀ ò tó èékánná àtàǹpàkò mi, síbẹ̀ wọ́n kun ẹ̀yìn rẹ̀ rúsúrúsú bíi pé ààrò ló ti ń bọ̀. Mo bi wọ́n pé ta ni yóò rà á. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ti ní kí àwọn gan-an wá sanwó kí wọ́n tó lè gbé e jáde.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ òyìnbó lèyí. Ṣebí a ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Àwọn igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan wà tí ọmọlangidi wà lórí wọn, tí ẹni tó gbé e ń fi okùn fà á kó lè máa mira. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ogún gbogbo aráyé ni. Ní Niger lọ́hùn-ún, Moustapha Alassane, tó kú ní 2015, fi ọmọlangidi ṣe Samba le Grand ní 1977, ó sì mú àwọn ẹranko kéékèèké bí àkèré àti ọ̀gà ja ìjàkadì nínú Kokoa ní 2001. Tunde Adebimpe tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí olórin TV on the Radio ní Amẹ́ríkà, ọmọ tí àwọn òbí Nàìjíríà bí, ọmọlangidi alámọ̀ ló ń sún nínú Celebrity Deathmatch ti MTV kó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe amọ̀ tí Aardman, àwọn tó ṣe Chicken Run, ń lò kógbá sílé ní 2023, ariwo ta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé Aardman ní láti jáde sọ pé amọ̀ ṣì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ wo bí ilé iṣẹ́ àti fíìmù ṣe so kọ́ra. Níbí ńkọ́? Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn míì ń pa ẹ̀rọ dé. Ọ̀pọ̀ irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀ṣì àti ibi ìnáwó. Mi ò bá ṣọ́ọ̀ṣì jà o. Àmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi kóńkéré kì fún ẹ̀rọ ńlá, tí ò lè mì, irú rẹ̀ gan-an ni ọmọlangidi ń wá. Igun kan ṣoṣo nínú ọ̀kan lára wọn tó àwọn ọmọ yìí.

Ẹlòmíì á ní AI lè ṣe é láàárín wákàtí kan. Ó lè ṣe é lóòótọ́. Òkèèrè lowó rẹ̀ ń lọ, kò sì sí télọ̀, káfíńtà tàbí wẹ́dà kankan ní Agége tí yóò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní Ògbà àti Agídíńgbì ńkọ́? Wọ́n ń wo Peppa Pig títí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ London, tí ìyá àgbà bá kí wọn ní Yorùbá, wọ́n á máa wò ó.

LTV tó bẹ̀rẹ̀ ní 1980, Agídíńgbì níbẹ̀ náà ló wà. Kó ra ìṣẹ́jú mẹ́ta lóṣù, ní Yorùbá, fún àwọn ọmọdé. Fọ́tò 2,160 láàárín ogún ọjọ́ iṣẹ́, 108 lóòjọ́ nìyẹn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án péré. Ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ní tábìlì méjì lè ṣe é. Kí àwọn ilé iṣẹ́ Ọba Akran fún wọn ní àjákù fóòmù àti ọ̀dà tó ṣẹ́kù. Owó oṣù àkọ́kọ́ ní láti jáde kí wọ́n tó ya fọ́tò àkọ́kọ́, torí wáyà àti bátìrì ò ṣeé rà láwìn ní Computer Village.