Oúnjẹ Ni Ọ̀rẹ́ Àwọ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti irúgbìn ni ìwé pélébé yìí sábà máa ń sọ. Lónìí, irúgbìn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún.

Ní ilé púpọ̀, ẹ̀kọ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń jẹ ní òwúrọ̀, àmàlà àti omi ọbẹ̀ ní ọ̀sán, ẹ̀bà ní alẹ́. Ikùn yó, ṣùgbọ́n ara kò rí ohun tí yóò fi dàgbà. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, èròjà tí ń mú ara dàgbà tó nǹkan bí 23 gíráàmù. Nínú gàrí, kò tó 3. Síbẹ̀, adìẹ ń yé ní ẹ̀yìnkùlé baba ọmọ yìí, ẹ̀wà rẹ̀ ń lọ sí ọjà Akẹ́sán, máńgòrò sì ń jẹrà lábẹ́ igi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi yìí: a kọ́ yín bí ẹ ó ti tà á ju bí ẹ ó ti jẹ ẹ́ lọ.

Ilẹ̀ Yorùbá ti rí irú ẹ̀kọ́ yìí rí. Láàárín 1956 sí 1961, Dókítà David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ṣètò ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń tọ́jú àìsàn, wọ́n ń wọn ọmọ, wọ́n ń fi àmì sí ìwé tí ìyá fúnra rẹ̀ ń pa mọ́, wọ́n sì ń kọ́ ọ ní oúnjẹ tí ó tọ́. Ikú ọmọdé dínkù gidigidi níbẹ̀.

Ní tèmi, jẹ́lé-ó-sinmi ni ó yẹ kí ó máa kọ́ni ní ẹ̀kọ́ oúnjẹ lónìí. Ọmọ tí ó kọ ẹ̀fọ́ lè tọ́ ọ wò tó ìgbà mẹ́wàá kí ó tó gbà á. Ìyá tí ń kánjú lọ sí ọjà kò lè ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá rí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ ẹ́, òun náà yóò nawọ́. Bí olùkọ́ bá mú wọn gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀bá kíláàsì, tí wọ́n bomi rin ín, tí wọ́n sì já a fúnra wọn, wọn yóò fẹ́ jẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ètò oúnjẹ ilé-ìwé tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016, kíláàsì kìíní sí ìkẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Nítorí náà, kí á má káwọ́ gbera. Kíréètì ẹyin kan kárí ọmọ 30 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kóńgò ẹ̀wà kan ààbọ̀ sì tó wọn fún ọjọ́ kan. Bí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni 20 bá pín kíréètì náà, ẹyin mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò kan olúkúlùkù.

Àwọn kan yóò ní owó ẹyin ni a fi ń san owó ilé-ìwé. Òótọ́ ni, n kò ní kí ẹ má tà á. Ṣùgbọ́n bí a bá ta ẹyin, tí a fi owó rẹ̀ ra bisikíìtì fún ọmọ, èrè wo ni a jẹ? Àwọn àgbà mìíràn a máa sọ pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ohun tí a ń bù fún ọmọ ní gbangba, ní déédéé, kí ni yóò mú kí ó jí i?

Alájẹṣẹ́kù ni orúkọ wa: jíjẹ ni ó ṣáájú, kí ó tó kan ìṣẹ́kù. Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, ẹ pe olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò yín, ẹ bi í léèrè iye ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì pín ẹyin àti ẹ̀wà náà láàárín ara yín kí ìpàdé tó tú. Oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa tètè mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀.