Ọmọ Àgùntàn Òrukàn Kì í Ṣe Iṣẹ́ Orí Fóònù

Láti bí ọdún méjì sẹ́yìn, kò sí oṣù kan tí ẹnìkan nínú àwọn tó ti jáde ní ẹ̀ka wa kì í bi mí pé èló ni abo àgùntàn kan ń lọ báyìí. Wọ́n mọ̀ pé mo ń sin díẹ̀ lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ìṣirò wọn máa ń dùn-ún gbọ́: ra abo mẹ́fà tó ti lóyún, fi wọ́n sọ́dọ̀ alágbàṣe kan lábúlé, máa fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ láti Èkó. Oyún àgùntàn kò ju nǹkan bí oṣù márùn-ún lọ, àwọn mìíràn á bí ìbejì, Iléyá á dé, owó á wọlé. N kì í bá wọn jiyàn lórí ìṣirò náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: bí ìyá bá kú lóru ọjọ́ tó bímọ, ta ni yóò jí?

Èrò tèmi nìyí, mo sì mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Ẹni tí kò bá sùn nítòsí àgùntàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ra abo tó lóyún. Kó ra àgbò kéékèèké, kó máa bọ́ wọn de Iléyá. Iṣẹ́ tí a lè gbé fún ẹlòmíràn nìyẹn. Ọmọ òrukàn kò ṣeé gbé fún ẹlòmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ó dìgbà tí ìyá bá kú kí ọmọ tó di òrukàn. Abo mìíràn á bí ìbejì, á lá ọ̀kan gbẹ, á sì máa kan èkejì dànù. Òmíràn á bí mẹ́ta sórí ọmú méjì. Ti òmíràn, ọmú á wú, á le, ohun tó ń jáde níbẹ̀ kò ní ṣeé mu. Abo mẹ́sàn-án péré ni mo ní, kò sì tíì sí ọdún tí n kò rí ó kéré tán ọ̀kan.

Ọjọ́ kìíní ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ènìyàn máa ń gbà lára ohun tó ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ọmọ àgùntàn kì í rí i gbà. Inú omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki, tó pọ́n bí ìyeyè, ni tirẹ̀ wà, ọ̀nà tí yóò sì gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣí pẹ́. Wákàtí 6 àkọ́kọ́ ló dára jù; kó tó pé wákàtí 24, ọ̀nà ti dí. Ìwọ̀n tí àwọn dókítà ẹran ń lò ni mílílítà 50 fún kílò kan lẹ́ẹ̀kan, kó sì tó 200 fún kílò kan kí ọjọ́ náà tó pé. Ọmọ àwọn àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa kì í sábà ju kílò 2 lọ lọ́jọ́ ìbí, nítorí náà ohun tí à ń wá lẹ́ẹ̀kan kò tó ìdajì ife. Mílíìkì inú agolo kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó wọ́n tó. Ara abo mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ni a ti máa rí i, tàbí ara ewúrẹ́. Èmi máa ń fún díẹ̀ pamọ́, mo ń gbé e sínú fìríìsà ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ní ìgboro, bí iná bá wà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ la fi ń yọ́ ọ; bí a bá gbé e kaná, a ti bà á jẹ́.

Ẹ wá wo ti ẹni tó wà l'Ékòó. Aago méjì òru ni ìyá kú. Alágbàṣe jí ní aago mẹ́fà, ó pè, ẹ̀yin wà nínú ọkọ̀, ẹ ò gbé e. Nígbà tí ẹ ó fi rí ẹni tó mọ dókítà ẹran, ọ̀sán ti pọ́n. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ nínú gbogbo yín, àmọ́ wákàtí 6 ti lọ.

Òtútù náà tún wà níbẹ̀. Ìgbóná ara ọmọ àgùntàn tí ara rẹ̀ yá máa ń wà láàárín 39 sí 40. Bó bá ti wálẹ̀ ju 37 lọ, a kì í fún un lóúnjẹ. A ó kọ́kọ́ mú kó móoru. Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu: bí inú ẹnu bá tutù, ẹ gbé mílíìkì sílẹ̀ ná. Àánú ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa da nǹkan sí i lọ́nà ọ̀fun lórí òtútù ọyẹ́, tí yóò sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í gbé e dùbúlẹ̀ sórí itan bí ọmọ ọwọ́. Kó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó na ọrùn, bí ìgbà tó wà lábẹ́ ìyá rẹ̀. Àìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni mílíìkì ń lọ.

Bàbá kan lábúlé wa kì í fẹ́ rí ike mílíìkì lọ́wọ́ mi rárá. "Ìwọ ọmọ yunifásítì yìí, ṣé ìwọ lo bí i ni?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?" Wọ́n ní ẹni tí kò níyàá kì í dégbò ẹ̀yìn, kí n wá ẹ̀yìn fún un. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òórùn ni abo àgùntàn fi ń mọ ọmọ rẹ̀. Bí ọmọ abo kan bá kú, a lè bó awọ òkú náà, ká fi wọ òrukàn bí ẹ̀wù fún ọjọ́ díẹ̀. Bí abo mìíràn bá ń rọbí lọ́wọ́, a lè fi omi ìbí rẹ̀ pa òrukàn lára kó tó yíjú padà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú.

Bí kò bá jẹ́, ó di ti ike nìyẹn: ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin lọ́jọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, tọ̀sán-tòru, ká sì fi omi gbígbóná fọ ike náà nígbà gbogbo. Ẹ má fún un ní ògì. Ikùn rẹ̀ kò tíì lè lọ̀ ọ́. Bó bá ń mu ìdajì lítà lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, lítà 28 nìyẹn. Àwọn tó ń sọ pé kí á jẹ́ kó kú nítorí owó mílíìkì kò purọ́ lórí owó. Èmi ń ra wàrà tútù lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní, mò ń sè é, mo ń jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, síbẹ̀ èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ti ń gbé koríko tútù síwájú rẹ̀, kó lè tètè já lẹ́nu ọmú.

Ó ku ohun kan tí a kì í sọ fún olùbẹ̀rẹ̀. Akọ tí a fi ike tọ́ kì í bẹ̀rù ènìyàn. Nígbà tó wà ní kékeré, àwọn ọmọdé á máa tì í lórí, á máa tì wọ́n padà, gbogbo wa á máa rẹ́rìn-ín. Bó bá dàgbà, tó bá fẹ̀yìn rìn, ẹ ti mọ ohun tó lọ mú wá. Tèmi, mo máa ń ní kí dókítà ẹran tẹ̀ wọ́n lọ́dàá ní kékeré.

Bí ẹ bá ti pinnu pé abo lẹ ó rà síbẹ̀, ẹ bi alágbàṣe yín léèrè ibi tó ń sùn kí ẹ tó bi í léèrè owó oṣù. Mẹ́ta nínú àwọn abo mi yóò bí nínú oṣù Kejìlá. Ẹni tó bá fẹ́ wá sùn síbẹ̀ ní òru méjì nínú ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí léèrè, ààyè wà. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání.