Gígé Owó Kọ́ Ló Ń Fúnni Níṣẹ́

Nígbàkúùgbà tí àpò ìjọba bá ti gbẹ ní Ìlú Ọba, àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ làwọn olóṣèlú kọ́kọ́ ń dojú kọ: ẹ jẹ́ ká mú òfin owó ìrànwọ́ le sí i. Ó ti le rí. Lábẹ́ òfin ọdún 2012, wọ́n lè gé owó ẹni tó bá kọ iṣẹ́ léraléra fún ọdún 3 gbáko. Ọdún 2019 ni mínísítà Amber Rudd kéde pé kò ní ju oṣù 6 lọ mọ́. Mo gbà pé kí ẹni tára rẹ̀ dá ṣáṣá wáṣẹ́, kódà kó fi wákàtí 35 wá a lọ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ gé lówó, kí ni yóò fi wọkọ̀ dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò? Ìyá tí kò ní dátà lórí fóònù, báwo ni yóò ṣe kọ̀wé béèrè iṣẹ́? Àwọn èèyàn wa tí físà wọn kò fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí owó yìí, bí wọ́n tilẹ̀ ń san owó orí, lè rò pé kò kàn wọ́n. Bí wọ́n bá gbàwé ìgbélùú lọ́la, abẹ́ òfin yìí kan náà ni wọ́n ń bọ̀. Kí ìjọba kọ́kọ́ náwó sórí ìdálẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìtọ́jú ọmọ fáwọn ìyá tó fẹ́ ṣiṣẹ́.