Owó Tó Kù Lẹ́yìn Tí A Ra Ọkọ̀ Tán

Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ rí mọ̀ pé owó méjì ló máa ń ná. Ọ̀kan ni èyí tó san fún ẹni tó tà á. Ìkejì ni èyí tí mẹkáníìkì yóò máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ọjọ́ tí ọkọ̀ náà yóò fi kúrò nílé rẹ̀. Owó àkọ́kọ́ la máa ń nájà lé lórí, ṣùgbọ́n ìkejì ló ń sọ bóyá a jèrè. Ìjọba ńlá pàápàá kì í bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn Marine ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun tó máa ń ti ojú òkun gòkè wọ etíkun ọ̀tá.

Ní ọdún 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọkọ̀ ìhámọ́ra kan tó ń wẹ̀ lómi, tó sì ń rìn lórí ilẹ̀. AAV ni wọ́n wá ń pè é. Nígbà tó gbó, wọn kò sọ ọ́ nù. Wọ́n tún un ṣe ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn ọdún 1990 sì ń parí lọ, wọ́n tún fi irú ẹ́ńjìnnì tí ọkọ̀ Bradley àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ń lò sí i. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti pọ̀ nílùú, páàtì rẹ̀ kì í ṣòro rí, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tú kì í sì í wọ́n.

Síbẹ̀, wọ́n ń fẹ́ ọkọ̀ tuntun, EFV, tí yóò máa sáré lórí omi ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta AAV. Kí irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tó lè sáré lórí omi, ẹ̀rọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára, kó sì díjú. Dídíjú yẹn ló gbé owó rẹ̀ ga, òun náà ló sì ń mú kó máa bàjẹ́ nígbà ìdánwò. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, Robert Gates, tó ń bójú tó ètò ààbò wọn nígbà náà, ní kí wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró. Ó ti gbé bílíọ̀nù 3 dọ́là mì, àtikọ́ àwọn ọkọ̀ náà yóò sì tún gba bílíọ̀nù 12 sí i. Ó ṣe ohun tó tọ́. Owó tó ti sọnù kò gbọ́dọ̀ fa èyí tó wà lọ́wọ́ lẹ́yìn.

Ní ọdún 2018, wọ́n yan ACV, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí iléeṣẹ́ BAE gbé ka orí ọkọ̀ tí Iveco ilẹ̀ Ítálì ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pa àtúnṣe ńlá tó yẹ kó bá AAV tì. Lórí ìwé, ó bọ́gbọ́n mu: kí la tún ń náwó sára ògbólógbòó sí nígbà tí tuntun ti ń bọ̀? Ṣùgbọ́n ògbólógbòó yẹn ṣì ń gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sójú òkun.

Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2020, AAV kan tó gbé ènìyàn 16 rì nítòsí erékùṣù San Clemente ní Kalifọ́níà. Mẹ́sàn-án kú nínú wọn. Ìwádìí fi hàn pé ipò tí ọkọ̀ náà wà kò dára, pé omi ń jò wọ inú rẹ̀, pé iná tó yẹ kó tọ́ka ọ̀nà àbájáde kò ṣiṣẹ́, àti pé àwọn kan nínú wọn kò tíì parí ẹ̀kọ́ bí ènìyàn ṣe ń jáde nínú ọkọ̀ tó ń rì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, wọ́n ní kí AAV má wọ omi mọ́ àfi bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá dé.

Rọ́bà tó ń dí omi, iná kékeré, ẹ̀kọ́ ọjọ́ díẹ̀. Ta ni yóò gbé ìwọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ bílíọ̀nù 3 dọ́là tó ti wọlẹ̀? Inú mi bàjẹ́ pé ibi tí owó ti kéré jù ni wọ́n ti ṣahun.

Ilẹ̀ Philippines, tó ní erékùṣù tó lé ní 7,000, kò lówó bíi ti Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2016, wọ́n bá Kòríà Gúúsù ṣàdéhùn fún mẹ́jọ péré nínú irú AAV tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún, àwọn ọkọ̀ náà sì dé ní ọdún 2019. Wọ́n ra ohun tí ayé ti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì rà á ní ìwọ̀n ara wọn. Mo gbóríyìn fún wọn, ṣùgbọ́n owó páàtì ọdọọdún ni yóò sọ bóyá ọ̀pọ̀ ni wọ́n rà tàbí ọ̀wọ́n.

Nítorí náà, bí aláṣẹ kan bá ní òun fẹ́ fi owó díẹ̀ sọ ọkọ̀ ogun àtijọ́ dọ̀tun, ẹ má ṣe béèrè iye àtúnṣe nìkan. Ẹ bi í pé èló ni owó páàtì, èló ni owó mẹkáníìkì, èló sì ni owó ẹ̀kọ́ àwọn tí yóò jókòó sínú rẹ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí nínú ètò ìnáwó rẹ̀, kó má dáwọ́ lé e. Ọkọ̀ tí a kò lówó ìtọ́jú rẹ̀ kò gbọ̀pọ̀ rárá. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.