Ẹ Jẹ́ Kí Oníjà Gbé Irin

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti dà bí àdúrà òwúrọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ olùkọ́ eré ìjà lọ́dọ̀ wa: "Má gbé irin o. Irin máa jẹ́ kí ara ẹ le gbagidi, o ò ní lè yára mọ́." Ẹni tó ń kọ́ kàrátè ń gbọ́ ọ, ẹni tó ń kọ́ júdò ń gbọ́ ọ, ẹni tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ lẹ́yìn ilé-ìwé náà ń gbọ́ ọ. Ọmọ tó bá bi olùkọ́ pé kí ló fà á, èsì kan ṣoṣo ló máa gbà: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ fún àwa náà. Àwa tí à ń kọ àròkọ yìí, a wà lára àwọn tó ń kọ́ ìjà tí wọ́n sì ń gbé irin. Ohun tí a fẹ́ sọ ò lọ́jú pọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, ó ń ṣe àwọn ọmọ wa ní jàǹbá, ó sì tó àkókò kí àwọn olùkọ́ jáwọ́ nínú ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, ẹ jẹ́ ká yáa bá àwọn ọmọ jíìmù wí pẹ̀lú. Àwọn wọ̀nyí ń gbé irin lọ́jọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀, àyà àti apá nìkan, torí pé àyà àti apá ló ń hàn nínú fọ́tò. Ẹsẹ̀ wọn ò rí irin rí. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá síbi ìjà, wọ́n á di ọmọ kékeré kan lọ́rùn mú bí ẹni tó fẹ́ fa iṣu tu. Ìṣẹ́jú méjì ò ní pé tí èémí á ti tán, ọmọ kékeré náà á sì gbé wọn ṣánlẹ̀ wẹ́rẹ́. Olùkọ́ á wá nawọ́ sí wọn: "Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń wí?" Àwọn ọmọ jíìmù yìí gan-an ló ń fún ọ̀rọ̀ olùkọ́ lẹ́sẹ̀ rìn. Àmọ́ ẹni tó bá fi ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ jù nínú ẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé iyọ̀ ò dáa, ẹ̀rí ẹ̀ ò lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni tó mọ ọbẹ̀ẹ́ sè.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí àwọn olùkọ́ máa ń gbé wá ni àwọn baba ńlá wa. Wọ́n ní àwọn tó ja ìjàkadì àti gídígbò láyé àtijọ́ ò mọ jíìmù, síbẹ̀ alágbára ni wọ́n. Lóòótọ́, wọn ò mọ jíìmù. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n mọ̀. Ọkùnrin tó ń jà lójú agbo lọ́jọ́ ọdún, oko ló ti ń bọ̀. Ó ti kọ ebè, ó ti la igi, ó ti ru iṣu wálé lórí. Ìyàwó ẹ̀ ti pọnmi, ó ti gún iyán fún gbogbo agboolé. Iṣẹ́ oòjọ́ wọn gan-an ni irin wọn. Ìjàkadì tí àwọn ará Ọ̀ffà fi ń yangàn nínú oríkì wọn títí dòní, ara tí oko ti kọ́ ló jà á.

Ẹ wá wo ọmọ tiwa lónìí. Ó jí ní agogo márùn-ún ìdájí, ó jókòó nínú ọkọ̀ títí tó fi dé ibi iṣẹ́, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó tún jókòó nínú ọkọ̀ títí tó fi dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìjà ní agogo méje alẹ́. Ohun tó wúwo jù lọ tó gbé lọ́jọ́ náà ni báàgì tó gbé kọ́ èjìká. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la wá ń sọ fún pé kó máa jà bí baba ńlá ẹ̀, ká sì tún sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé ohunkóhun. A ti gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, a ti gba ọmọ odó lọ́wọ́ ẹ̀, a ò sì fi nǹkan kan rọ́pò. Ìjà nìkan la fi sílẹ̀ fún un. Kí ló fẹ́ fi jà á?

Àwọn olùkọ́ kàrátè tún ní tiwọn. Wọ́n ní kò sí irin nínú kàrátè. Ilé tí kàrátè ti wá, ìyẹn erékùṣù Okinawa ní ilẹ̀ Japan, ò gbà pẹ̀lú wọn. Àwọn ará ibẹ̀ ní odidi ẹ̀ka ìdánrawò kan tí wọ́n ń pè ní hojo undo, agbára ni wọ́n sì ń fi kọ́. Chi-ishi wà níbẹ̀: òkúta tàbí símẹ́ńtì ni, tí wọ́n ti igi bọ̀ nínú, tí wọ́n ń fì yíká láti fún ọwọ́ àti èjìká lókun. Nigiri-game wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ìkòkò ni, tí wọ́n ń fi ìka dì mú létí rìn káàkiri, tí wọ́n á sì máa rọ iyanrìn sí i bí agbára bá ṣe ń pọ̀ sí i. Goju-ryu tí Chojun Miyagi dá sílẹ̀ ṣì ń lo irú nǹkan wọ̀nyí. Nítorí náà, olùkọ́ tó bá lé ọmọ kúrò nídìí ẹrù gbígbé ní orúkọ àṣà kàrátè, apá kan àṣà náà ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ká wá bọ́ sọ́dọ̀ àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ìbẹ̀rù irin ti le jù. Evander Holyfield, ọmọ Amẹ́ríkà, ti gba gbogbo bẹ́líìtì ńlá ní ìpele cruiserweight ní 1988. Ó wá fẹ́ bá àwọn ìjìmì jà ní heavyweight, àwọn tó wúwo jù ú lọ. Kí ló ṣe? Ó lọ bá Lee Haney, ọkùnrin tó gba Mr. Olympia lẹ́ẹ̀mẹjọ, pé kó kọ́ òun ní irin gbígbé, ó sì gba Tim Hallmark láti máa tọ́jú ìdárayá ẹ̀ yòókù. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 1990, ó wọn pọ́n-ùn 208, Buster Douglas tó dúró níwájú ẹ̀ sì wọn 246. Ní ìpele kẹta ìjà náà, Douglas ti wà nílẹ̀. Ṣé ẹni tí irin ti sọ di ìgbín ló ṣe èyí?

A mọ ẹni tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn. Wọ́n á ní: "Anthony Joshua ńkọ́?" Ọmọ tí a lè pè ní ọmọ Ṣágámù bó tiẹ̀ jẹ́ ìlú Ọba ni wọ́n bí i sí, ó dun gbogbo wa nígbà tí Andy Ruiz dá a dúró ní New York ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2019. Pọ́n-ùn 247 lé díẹ̀ ni Joshua wọ̀n lọ́jọ́ náà. Lóṣù kejìlá ọdún kan náà, ó padà wá ní 237 lé díẹ̀, ó jà pẹ̀lú ẹsẹ̀, ó sì gba bẹ́líìtì ẹ̀ padà. Àwọn ọ̀tá irin sọ pé ó tán, ẹ̀rí ti dé. Ẹ̀rí kí ni? Pọ́n-ùn mẹ́wàá ló dín kù, ó sì ṣì jẹ́ òmìrán bó ṣe wà. Ruiz tó nà án lákọ̀ọ́kọ́ sì wúwo jù ú lọ fíìfíì. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìjà ni kó máa pinnu bí ara ṣe máa tóbi tó, kì í ṣe dígí. Ohun tí àwa náà ń sọ nìyẹn.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú, ó sì ti pẹ́. Ní 1980, Robert Hickson ní Amẹ́ríkà pín àwọn èèyàn sí ọ̀nà mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Àwọn kan gbé irin lọ́jọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀. Àwọn kan sáré, wọ́n sì wa kẹ̀kẹ́, lọ́jọ́ mẹ́fà. Àwọn ìyókù ṣe méjèèjì pọ̀. Agbára àwọn tó ṣe méjèèjì ń lọ sókè títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje, ó wá dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ irin máa ń sá di ibí yìí. Àmọ́ ẹ farabalẹ̀ wò ó. Èémí àwọn tó ṣe méjèèjì gùn sí i bíi ti àwọn tó sáré nìkan, irin ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Agbára ni ìdánrawò tó pọ̀ lápọ̀jù dí lọ́wọ́. Ọjọ́ márùn-ún irin àti ọjọ́ mẹ́fà eré sísá, ta ni kò ní rẹ̀? Bí a bá ka àbájáde yìí dáadáa, ó ń bá àwọn tó ń ṣe àṣejù wí, kò bá ẹni tó ń gbé irin níwọ̀nba wí.

Kí ló wá wà nídìí ọ̀rọ̀ tí à ń pariwo bẹ́ẹ̀? Orúnkún àwọn ọmọ wa ni. Èjìká wọn ni. Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí itan ẹ̀ ò lókun, tí wọ́n wá ń kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn tó tóbi jù ú lọ ṣánlẹ̀. Lọ́jọ́ tí orúnkún bá yí, olùkọ́ á fi róòbù ra á, á ní kó lọ sinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ eré ìjà wa ò ní owó ìtọ́jú fún ọmọ tó bá ṣèṣe. Ìyá ọmọ náà ló máa sáré kiri wá owó ilé-ìwòsàn, lẹ́yìn náà á sì sọ pé ọmọ òun ò ní jà mọ́. A ti pàdánù ọmọ lọ́nà yìí, kì í ṣe ẹyọ kan. Irin ò lè ní kí èèyàn má ṣèṣe láéláé, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń parọ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ tó ti ń gbé ẹrù dìde fún oṣù mẹ́fà ò rí bákan náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò gbé nǹkan kan rí, olùkọ́ tó bá ní ojú sì mọ̀.

Àwọn ọmọbìnrin ni irọ́ yìí tún ń pa lára jù. Wọ́n á ní bí ọmọbìnrin bá gbé irin, á di ọkùnrin. Blessing Oborududu ja ìjàkadì ní ìpele kílò 68 ní Olympics Tokyo, ó sì gba fàdákà, àmì-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà níbi ìjàkadì Olympics. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ yẹn ló tún ń sọ fún ọmọ tiwọn pé kó má jẹ́ kí èjìká òun le.

Àbá wa rèé. Ẹni tó ń kọ́ ìjà lọ́jọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, kó gbé ẹrù lọ́jọ́ méjì péré, ìṣẹ́jú 45 tó. Bí ìjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Àbámẹ́ta, kí ẹrù gbígbé bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kó sinmi ní ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àìkú. Nǹkan márùn-ún ló nílò: kó gbé ẹrù dání bẹ̀rẹ̀ kó sì dìde, kó gbé ẹrù láti ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó nà, kó di ọ̀pá mú fa ara ẹ̀ sókè, kó ti ẹrù sókè ju orí lọ, kó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹrù rìn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún márùn-ún, ìgbà mẹ́ta, kó sì dúró nígbà tó ṣì kù díẹ̀ kí agbára tán. Bí ó bá di dandan kí méjèèjì bọ́ sí ọjọ́ kan, ìjà ni kó ṣáájú, torí ara tó ti rẹ̀ kì í kọ́ ọgbọ́n tuntun. Ọ̀sẹ̀ tí ìdíje bá ku sí dẹ̀dẹ̀, kó dín ẹrù kù sí ìdajì. Kó jẹ ẹ̀wà àti ẹyin, kó sì sùn dáadáa.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò sówó jíìmù. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí omi kún inú ẹ̀ ju kílò 25 lọ díẹ̀. Bí ó bá wúwo jù, ẹ da omi kúrò. Àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti lò tán, ẹ fi méjì wọnú ara wọn, ẹ rọ iyanrìn sí i, ẹ dì í lẹ́nu pinpin. Owó tí ẹgbẹ́ fi ń ra bẹ́líìtì aláwọ̀ mèremère lọ́dọọdún tó ra kẹ́ẹ̀gì fún gbogbo ọmọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin la kọ̀wé yìí sí, a ò sì fi àrífín kọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bí a ṣe ń ṣubú tí a ò fi ní ṣèṣe. Ohun tí à ń béèrè ni pé kí ẹ kọ ọjọ́ méjì yẹn mọ́ àtẹ ìkọ́ni yín, kí ẹ dúró ti àwọn ọmọ lóṣù àkọ́kọ́ kí ẹ lè tún ẹ̀yìn tó bá tẹ̀ ṣe, bí ẹ ṣe ń tún ẹ̀ṣẹ́ tó bá wọ́ ṣe. Ẹ̀yin ọmọ jíìmù, tí ẹ bá fẹ́ jà lóòótọ́, ẹ dín ọjọ́ mẹ́fà yẹn kù, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín náà rí irin, kí ẹ sì wá síbi ìjà pẹ̀lú ara tí kò rẹ̀. Bí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, a máa wá wo àtẹ tó wà lára ògiri yín.